Oògùn Ìyá Rẹ Nínú Ẹyin Adìẹ Àgbàsìn

Boribana, Abidjan
Oṣù kẹta, ọdún 2009

Sí Ràmílátù ọmọ mi, ní Zone 4.

Mo kí ọ títí. Ṣé dáadáa lo jí? Akim ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé eyín ti hù lẹ́nu rẹ̀? Ọ̀gá rẹ ní ilé oògùn ńkọ́, ṣé kò fi ìdúró pa ọ́ lẹ́sẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ gbàgbé ọ̀nà ilé. Kí afárá tí ò ń gbà kọjá lórí ọ̀sà máa dúró gbọn-in lábẹ́ rẹ. Kí oògùn tí ò ń tà fún àwọn ènìyàn má ṣe di èyí tí ìwọ fúnra rẹ yóò máa wá kiri. Gbogbo ilé kí ọ. Ìyá rẹ náà kí ọ, ó ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé òun wà láyé, kí àyà rẹ má baà já bí o ti ń kà á lọ.

Ẹnu mi ló ń sọ, ọwọ́ Olújídé ló ń kọ. O mọ Olújídé, ará ilé kejì wa, ọkọ Huguette, tó máa ń ka Bíbélì Yorùbá fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo bá a ṣe àdéhùn pé kí ó kọ ohun tí mo bá sọ bí mo ṣe sọ ọ́, kí ó má fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un, nítorí ìgbà tó bá mi kọ lẹ́tà sí àbúrò mi ní Èjìgbò, mo ní kí ó sọ fún un pé olè ni, ó lọ kọ ọ́ pé mo kí i. Mo mọ̀ pé ìwé Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ, ojú rẹ kò mọ ìwé Yorùbá. Kà á sókè díẹ̀díẹ̀, etí rẹ yóò gbọ́ ohun tí ojú rẹ kò mọ̀.

O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún wa. Ọmọ mi, fóònù yẹn dára, ṣùgbọ́n kò mọ ìkíni. Mo ti gbé e sétí rí, kí n tó bèèrè ara rẹ, ara ọkọ rẹ, ara ọmọ rẹ, kí n tó dé orí àdúrà, obìnrin kan ti já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ń sọ Faransé, wọ́n ní ó ń sọ pé owó inú rẹ̀ tán. Mo bẹ obìnrin náà, mo ní ọmọ mi ni mò ń kí, kí ó ṣe sùúrù, kò dá mi lóhùn. Ìwà rẹ̀ kò dára. Yàtọ̀ sí èyí, ìdí aṣọ ìyá rẹ ni fóònù náà ń gbé, bí a bá sì fẹ́ lò ó, á tẹ ibì kan tí ohùn rẹ á fi máa pariwo káàkiri agboolé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe fún gbogbo agboolé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo agboolé ti mọ̀ ọ́n.

O máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá pe Boribana ní abúlé. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ibi tí mo bá ti jí tí mo gbọ́ àkùkọ kí n tó gbọ́ ọkọ̀, abúlé ni. Àwọn ilé gogoro Plateau ń wò wá láti òdìkejì ọ̀sà, àwa náà ń wò wọ́n. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ó ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, mo ti fi òkúta lé e. Ọ̀sà ń rùn bó ti máa ń rùn. Ewébẹ̀ tí mo gbìn sí ẹ̀yìn ilé ti yọ, wọ́n ní kí n má gbìn ín síbẹ̀ mọ́ nítorí omi ìdọ̀tí, mo ní omi ìdọ̀tí ni ajílẹ̀. Àkùkọ wa kú. Kì í ṣe àrùn, ọkọ̀ ló pa á. Má ṣe dárò rẹ̀, ó ti dàgbà, a sì ti jẹ ẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ.

Kí ọdún tó kọjá tó parí ni ọkọ̀ funfun kan wá sí àdúgbò wa, dókítà ènìyàn àti dókítà ẹran jókòó nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹnu yà mí. Ní ilé bàbá mi, ẹni tó ń tọ́jú màlúù kì í fọwọ́ kan aboyún. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń wádìí ni bí ara ènìyàn àti ara ẹran ọ̀sìn ṣe ń bá ara wọn gbé nínú agboolé kan náà. Mo ní wọn ì bá ti tètè wá bi mí, èmi àti ewúrẹ́ ti jọ sá òjò nínú yàrá kan rí. Obìnrin ni dókítà ẹran, Fatou lorúkọ rẹ̀, ó ń sọ Júlà tó mọ́ gaara, a sì gbọ́ ara wa yé.

Wọ́n mú ìwé kan wá, wọ́n ní kí n tẹ ìka sí i pé mo gbà kí wọ́n wádìí wa. Mo kọ̀. O mọ ìtàn bàbá mi, tó fi àtàǹpàkò tẹ ìwé nítorí pé ọkùnrin tó mú un wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí oko kòkó wa fi di oko ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà ni mo ti búra pé àtàǹpàkò mi yóò bá mi wọ ilẹ̀ ní mímọ́. Dókítà Fatou jókòó sórí àpótí, ó ṣàlàyé títí oòrùn fi yẹ̀ lórí wa, ó ní kò sí oko nínú ìwé yìí. Nígbà tó yá, mo fún un ní ìka ọmọńdinrín, mo ní bí wàhálà bá wà nínú rẹ̀, kí ó mọ níwọ̀n. Ó gbà á. Wọ́n bèèrè ọjọ́ orí mi, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àgbà.

Wọ́n tún bi mí ní ohun tí mò ń fún àwọn adìẹ bí ara wọn kò bá yá. Mo fi oògùn pupa-òun-yẹ́lò tí wọ́n ń tà lórí àtẹ ní Adjamé hàn wọ́n, mo ní èyí tí èmi fúnra mi ń lò bí inú bá ń run mí náà ni, mo máa ń tú u sínú omi wọn. Dókítà Fatou kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, mo rò pé ọgbọ́n mi ló wú u lórí. Ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ àwọn adìẹ, ó sì kó ẹyin lọ.

Dókítà ènìyàn, Axel lorúkọ tirẹ̀, ọmọ kékeré tí irùngbọ̀n kò tíì hù dáadáa. Ó ń fi aṣọ dúdú kan di apá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ rọ́bà kan, aṣọ náà ń wú, ó ń fún apá bí ejò. Mo ti rò ó dáadáa. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì bínú, bí ìbínú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Tèmi kò bínú rárá. Ẹnu ya gbogbo àwọn tó mọ̀ mí. Ti ìyá rẹ, tí kì í sọ̀rọ̀ líle sí ẹnikẹ́ni, ló bínú tó bẹ́ẹ̀ tí Dókítà Axel fi dì í ní apá kejì, tó sì tún dì í lẹ́yìn tó ti sinmi. Ó ní tẹnsíọ̀n rẹ̀ ga púpọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ́ẹ̀ máa ń rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀, ó sì lè pa á lójijì láìkìlọ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí ó má fi falẹ̀.

Ìwọ fúnra rẹ ló mú un lọ. Ìwọ náà ló sì ń ra oògùn rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ rẹ, tí ò ń fi ránṣẹ́. Ọlọ́run á san án fún ọ. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ìyá rẹ kò gbé ọ̀kan mì nínú wọn. Kò dà wọ́n nù, o mọ̀ pé kì í fi nǹkan ṣòfò, abẹ́ ìrọ̀rí ló ń tò wọ́n sí. Bí o bá pè é tí o bi í nípa oògùn, á ní oògùn wà lọ́wọ́ òun. Kò purọ́.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, Bàbá Ràmílátù, kò sí ibi tó ń dùn mí, ẹni tí ara rẹ̀ le tó ń lo oògùn, àìsàn ló ń ránṣẹ́ pè. N kò lè bá a jiyàn púpọ̀, nítorí inú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ àwa méjèèjì dàgbà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn ni ìdí rẹ̀ gan-an. Ìdí rẹ̀ gan-an ni Mọ́síùrá àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ní Koumassi, tí wọ́n fún ní irú oògùn kan náà. Ọjọ́ tí ìyá rẹ lọ kí i, Mọ́síùrá lo ọ̀kan lójú rẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ó ti ṣubú sẹ́nu ọ̀nà, kò sì dìde mọ́. Ìyá rẹ wà nínú àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti rí oògùn funfun kékeré, ojú Mọ́síùrá ló ń rí. Kò sọ ọ́ fún mi, mo kàn mọ̀ ọ́n bí ọkọ ṣe ń mọ nǹkan.

Ẹ̀rù ń bà mí, Ràmílátù. N kò jẹ́ kí ó hàn lójú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Bí ó bá ń fẹ́ iná, mo máa ń jókòó tì í, kí n máa wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá yóò gbọ̀n. Bí ó bá pẹ́ ní balùwẹ̀, mo máa ń húkọ́ kí ó lè dá mi lóhùn, òun náà á sì dá mi lóhùn pé kí n lọ mu omi. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo bá a jà, ó kọ̀. Mo lọ ọ̀kan kúnná sínú ẹ̀kọ gbígbóná rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó gbé abọ́ náà síwájú mi, ó ní kí n mu ún. Mo mu ún. Nǹkan kan kò ṣe mí, àfi pé mo sùn di ọ̀sán.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ funfun náà fi padà dé. Èyí wú mi lórí, nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wá kọ orúkọ wa tí a kò rí ẹ̀yìn wọn mọ́. Àwọn wọ̀nyí padà wá jíṣẹ́ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n pe gbogbo wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Dókítà Axel ní nínú àwọn àgbà tí òun dì lápá, ọ̀pọ̀ ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú àwọn tó mọ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í lo oògùn wọn déédéé. Ìyá rẹ ń wo ilẹ̀. Dókítà Fatou wá dìde, ó sọ tirẹ̀ ní Júlà. Ó ní oògùn tí a bá fún adìẹ kì í parí sínú adìẹ, pé àwọn yẹ ẹyin agboolé wa wò, àwọn sì bá oògùn pupa-òun-yẹ́lò náà nínú rẹ̀, pé ẹni tó bá jẹ irú ẹyin bẹ́ẹ̀ ti lo oògùn láìmọ̀.

Ọmọ mi, mo dìde dúró. Láìmọ̀! Ọ̀rọ̀ tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ ọ dáadáa. Huguette ní ó sọ pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé kò dára, pé ọjọ́ tí a bá nílò oògùn náà ní tòótọ́ kò ní ṣiṣẹ́ lára wa mọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ń ronú. Mo rí i pé inú ọkọ̀ kan làwọn méjèèjì ti wá, ìdajì ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀kan, ìdajì wà lọ́wọ́ ìkejì, kò sì sí ẹni tó so ó pọ̀ nínú wọn. Àwọn àgbà kì í fẹ́ lo oògùn wọn. Oògùn sì ń gba inú adìẹ bọ́ sínú ẹyin. Kí ló tún kù? Mo fẹ́ nawọ́ kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ dán an wò, nítorí Dókítà Fatou fúnra rẹ̀ ló sọ pé olùwádìí kì í sọ ohun tí kò tíì dán wò.

Adìẹ tó ń yé nílé wa kò ju òpìpì lọ, èyí tí kò níyẹ̀ẹ́ lápá yẹn. O mọ̀ pé adìẹ àgbàsìn ni. Huguette ló ni ín, ó fún ìyá rẹ sìn, àdéhùn wọn ni pé ẹyin jẹ́ ti ìyá rẹ, ọmọ tí ó bá pa ni wọn yóò jọ pín. Nígbà tí àkùkọ sì ti kú, kò sí ẹyin tó lè di ọmọ, jíjẹ ló kù.

Láràárọ̀, bí ìyá rẹ bá lọ pọn omi, mo máa ń mú oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí, mo máa ń fi atiéké tútù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ yẹn, bò ó, kí n pe òpìpì. Á gbé e mì láìjà, láìbi mí ní ìbéèrè kankan. Mo máa ń sọ fún un pé òun nìkan ló ní làákàyè nínú ilé yìí. Ìdajì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá mo rò ó pé òpìpì náà á jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó kan ẹyin, mo bá fi kún un. Bí ó bá yé, èmi ni mò ń se ẹyin náà, èmi ni mò ń bó o, mo ń fi iyọ̀ sí i, mo ń gbé e fún ìyá rẹ, mo sì ń jókòó síwájú rẹ̀ láti wo ẹnu rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, n kò se omi fún un rí. Ó wò mí títí. Ó ní kí ló ṣe mí. Mo ní ìfẹ́ ni. Ó ní kí ẹyin náà tutù díẹ̀, òun á jẹ ẹ́. Mo máa ń dìde lọ kírun, nígbà tí n óò bá fi dé, àwo ti mọ́.

Inú mi dùn. Bí mo bá wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ń dán. Mo ti ń ro ohun tí n ó sọ fún àwọn dókítà bí wọ́n bá tún dé, mo sì ti pinnu pé bí wọ́n bá fẹ́ fi orúkọ mi sínú ìwé wọn, n kò ní bá wọn ṣagídí.

Òwúrọ̀ kan, lẹ́yìn tí mo ti fún un ní tirẹ̀, òpìpì jáde lábẹ́ àgò, ó rìn bí ọ̀mùtí, ó jókòó, ó sì fi orí lélẹ̀. Ìyá rẹ ké. O mọ òfin àgbàsìn. Bí ẹran tí wọ́n fún ọ sìn bá ṣàìsàn, o kò gbọ́dọ̀ dúró kí ó kú sí ọ lọ́wọ́, o ní láti gbé e lọ bá ẹni tó ni ín nígbà tó ṣì ń mí, kí o sì sọ ohun tó ṣe é. Bí o bá dákẹ́ tí ó kú, ẹni tó ni ín lè ní o pa á jẹ ni. Ìyá rẹ gbé òpìpì sáyà, kò wọ bàtà, ó sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà Huguette, mo tẹ̀lé e, mo ní kí ó jẹ́ kí adìẹ sinmi, pé oòrùn ló pa á. Ó ní oòrùn wo, ní àárọ̀ kùtù yìí?

Huguette ń fọ aṣọ. Ó nu ọwọ́, ó la ẹnu òpìpì, ó ní attends, attends, ẹ dúró ná, kí lèyí? Ó fi ìka yọ atiéké, nǹkan funfun kan wà nínú rẹ̀ tí kò tíì yọ́ tán, tó ní ìlà láàárín. Ìyá rẹ wò ó. Ẹni tó ti ń to nǹkan sábẹ́ ìrọ̀rí kò lè ṣàìdá a mọ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, Bàbá Ràmílátù, ẹyin yẹn.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ṣàlàyé ìwádìí mi fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Huguette kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó di orí mú, ó ń ké mon Dieu, Ọlọ́run mi, ó ní, Bàbá, ohun tí wọ́n ní kí ẹ má ṣe lẹ lọ ṣe yẹn! Mo ní ohun tó lè ṣe ibi láìmọ̀ lè ṣe rere láìmọ̀. Olújídé tó ń kọ lẹ́tà yìí ló yọ orí láti inú ilé, ó ní ẹyin wo? Ìgbà náà ni ìyá rẹ sọ pé òun kò jẹ ìkankan nínú rẹ̀. Ó ní ọkọ tí kò se omi rí, tó wá ń se ẹyin, tó tún ń wo ènìyàn lẹ́nu, ta ni yóò jẹ ẹ́? Ó ní Olújídé ni òun ń gbé wọn fún. Olújídé di ògiri mú, ó ní abájọ tí òun fi ń tòògbé nídìí ìwàásù. Huguette ní ó ti ń tòògbé nídìí ìwàásù kí òpìpì tó dáyé. Olújídé ní kí n yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò, mo rán an létí àdéhùn wa.

Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ síwájú Huguette tí ó lè bí, ó ní kí ó má bínú, adìẹ rẹ̀ dákú lọ́wọ́ òun, oògùn òun ló jẹ, bí ó bá kú kí ó mọ̀ pé kì í ṣe pé òun kò bìkítà. Huguette ń fà á dìde, ó ní Màmá, adìẹ lásán ni. Ìyá rẹ ní kì í ṣe lásán, ohun tí wọ́n fún ni sìn ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú. Mo ní, Sàfúrátù. O mọ̀ pé n kì í pe orúkọ rẹ̀. Mo ní, adìẹ Huguette dákú, o kò dúró wọ bàtà kí o tó gbé e wá. Ìwọ ńkọ́? Ara tó wà lọ́rùn rẹ yìí, ṣé ìwọ lo ni ín? Wọ́n fún ọ sìn ni. Bí o bá ṣubú sí ilé ìdáná lọ́la, ẹnu ọ̀nà ta ni kí n gbé ọ lọ, kí ni kí n sọ fún Ràmílátù? Kí n ní oògùn wà lábẹ́ ìrọ̀rí, mo sì mọ̀, mo jókòó mò ń mu ẹ̀kọ? Ta ni yóò gbà pé kì í ṣe èmi ni mo pa ọ́?

Ohùn mi ti ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, àwọn ará ilé ìsàlẹ̀ sì ti jáde síta.

Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú òpìpì lórí itan. Ó ní lójú òun ni Mọ́síùrá ṣe gbé tirẹ̀ mì, tó rẹ́rìn-ín, tó ní kò tilẹ̀ korò. Huguette rọra jókòó tì í, ó bi í pé ṣé ojoojúmọ́ ni Mọ́síùrá ń lò ó. Ìyá rẹ ní rárá, ìgbà tí orí bá ń fọ́ ọ nìkan ni, bí orí bá ti fúyẹ́ á gbé e sílẹ̀, ó tilẹ̀ ti pẹ́ tó ti lò ó gbẹ̀yìn kí ọjọ́ náà tó dé. Huguette ní, Màmá, bóyá kì í ṣe èyí tó lò ló pa á. Bóyá àwọn tí kò lò ni.

Ìyá rẹ kò gbà, kò kọ̀. Ó ń fọwọ́ ra òpìpì lórí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ mú oògùn wá. Mo mú un wá. Ó ní òun yóò máa lò ó, ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí ìwọ yóò fi dé ni. Ó ní ìwọ tí ò ń tà á ni kí o wá jókòó síwájú òun, kí o wo ojú òun, kí o sọ bóyá oògùn náà ló pa Mọ́síùrá. Bí o bá ní oògùn náà ni, òun á dá a dúró. Bí o bá ní oògùn náà kọ́, òun á máa lò ó títí ayé. Kò fẹ́ gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní fóònù kò ní ojú.

Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ kan kò lọ lásán. Á mú oògùn rẹ̀ dání, á rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà Huguette, á gbé e mì níbẹ̀. Ó ní bí òun bá ṣubú, kí ẹlẹ́rìí wà. Á jókòó díẹ̀, á fọwọ́ kan àyà rẹ̀, á padà wálé, á sì máa bá mi jà lórí ewébẹ̀. Òpìpì náà ti dìde. Ó ń mu omi, ó ń jẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n kò tíì yé mọ́, bí ó bá sì rí mi pẹ̀lú atiéké, á sá.

N kò gbà pé mo ṣe àṣìṣe, kí o mọ ìyẹn. Ìwọ̀n ni n kò mọ̀. Bi àwọn ọ̀mọ̀wé ibi iṣẹ́ rẹ bóyá ẹyin pẹ́pẹ́yẹ ìbá dára jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Oògùn tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí pọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òpìpì ti jẹ nínú rẹ̀, ó ti ń tán lọ. Bí ó bá tán kí o tó dé, ìyá rẹ yóò ní Ọlọ́run ló ní kí òun dáwọ́ dúró, o mọ̀ ọ́n. Nítorí náà bọ̀ kíákíá, kí o mú òmíràn dání. Bá mi wá owó díẹ̀ kún un, fún àgbàdo tí òpìpì yóò jẹ, fún páànù ilé ìdáná, àti fún àkùkọ kékeré kan. Olújídé ní kí o bá òun wò ó bóyá ẹyin wọ̀nyẹn lè ṣe òun ní nǹkan. Mo sọ fún un pé ó yẹ kí ó san owó oògùn. Má ṣe fi owó sínú fóònù, obìnrin yẹn ni yóò gbà á.

Kí Ọlọ́run bá ọ ṣọ́ ilé rẹ nígbà tí o bá wà lọ́dọ̀ wa. Kí ó fi ọ̀rọ̀ tó yẹ sí ọ lẹ́nu lọ́jọ́ tí ìyá rẹ bá bi ọ́, kí ó sì jẹ́ òtítọ́. Kí ọmọ tí o bí mọ ojú ìyá rẹ dáadáa kí ó tó mọ ìtàn rẹ̀.

Òfin kan náà ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ọlọ́run ló ni ìyá rẹ, lẹ́yìn Ọlọ́run, ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ lẹ ni ín, èmi ni mo gbà á sìn. Mo ti gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ nígbà tó ṣì ń mí, mo sì ti sọ ohun tó ń ṣe é. Wá wò ó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Màmúdù